Bíríkì Tí Kò Jinná

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ Baba Iná, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ilẹ̀kùn kóòtù tuntun náà. Adájọ́ wọ aṣọ dúdú, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Ògbufọ̀ dúró níwájú rẹ̀ nínú bàtà kan tó ń dún bó bá ti ń rìn, ó sì hàn pé ó mọ̀ pé ó ń dún, torí ó ń rìn ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú àkámọ́ onígi ni Baba Iná wà, ọkùnrin gíga tí iná ti jó gbogbo irun ojú rẹ̀ tán láti ogún ọdún tó ti ń sun bíríkì. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Alámọ̀ nítorí pé òun ló ń wa amọ̀ tó sì ń tẹ̀ ẹ́, jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà, amọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Ẹ̀sùn náà kò lọ́jú pọ̀. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni ìléru bíríkì fi ń jẹ igi láìsinmi. Bí iná bá kú láàárín, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe amọ̀ mọ́, kò sì tíì di bíríkì. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbíríkì tó jẹ́ onígbàgbọ́ fi máa ń tanná lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n lè dí ẹnu ìléru kí ilẹ̀ Àbámẹ́ta tó ṣú. Ṣùgbọ́n Ajẹ́lẹ̀ ń kánjú. Ó fẹ́ kí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń fi bíríkì náà kọ́ parí kí ọ̀gá rẹ̀ tó ti òkè òkun dé, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n tanná ní Ọjọ́bọ̀. Baba Iná dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin péré. Kò gbà. Nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, Baba Iná ki ìtì igi ńláńlá bọ ẹnu ìléru, ó fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó sì lọ sílé. Òjò rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, iná ti kú, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà bíríkì sì ti bàjẹ́.

Ògbufọ̀ bi í pé, “Kí ló dé tí o kò sí nídìí iná ìjọba?”

Baba Iná tẹrí ba. “Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Àlùfáà wa ló kọ́ wa pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kò sí nínú agbo mọ́. Lọ́dún tó kọjá, alágbẹ̀dẹ kan pọ́n ọkọ́ kan ṣoṣo, wọ́n lé e jáde níṣojú gbogbo wa.”

Wọ́n pe Àlùfáà. Ó dìde nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, kò sì wo ọ̀dọ̀ àkámọ́ onígi náà rárá.

“Òótọ́ ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló yan ìjọba. Èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó jẹ́ kí iná ìjọba kú.”

Bí ọkùnrin kan ṣe ní òfin kan fún alágbẹ̀dẹ, tó sì ní òmíràn fún Ajẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ajẹ́lẹ̀ ló fún un ní ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn sí.

Adájọ́ dájọ́: ẹgba méjìlá, oṣù mẹ́rin pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára.

Ẹni tí wọ́n ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ ṣáájú, olè kan tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Ológbò, na ọrùn wò ó. “Ẹ gbà mí o! Èmi jí ewúrẹ́ méjì, oṣù mẹ́rin. Ẹ̀yin sinmi ọjọ́ kan, oṣù mẹ́rin, wọ́n tún fi ẹgba lé e. Bàbá, bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ dẹ́ṣẹ̀, ewúrẹ́ ni kẹ́ ẹ jí.”

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Baba Iná pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyá Alámọ̀ nìkan ni kò rín. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n na ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn kóòtù. Ó gbọ́ igbe rẹ̀ títí dé ìkẹjọ. Láti ìkẹjọ lọ, ẹgba nìkan ló ń dún.

Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti jọ ń gbàdúrà láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan amọ̀. Ọkọ ló ń gbà á, ìyàwó á ṣe Àmín. Ìyàwó kò ní ju ìyẹn lọ nínú ìgbàgbọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ṣèrìbọmi, ó tẹ̀ lé e wọ omi. Nígbà míì oorun á gbé e lọ lórí ìkúnlẹ̀, Àmín á sì jáde níbi tí kò yẹ, ọkọ rẹ̀ á ní, “Ìyá ilé, a ò tíì débẹ̀.” Nísinsìnyí tó ku òun nìkan, ó jókòó lórí ẹní láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò kúnlẹ̀. Ó gbójú sókè. “Ọlọ́run,” ló wí, “ṣebí ẹ̀yin náà lẹ rọ òjò yẹn.” Ó dìde, ó lọ síbi iṣẹ́.

Àwọn bíríkì tó bàjẹ́ ńkọ́? Kọngílá tó ń kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kò dà wọ́n nù. Ó ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n fi wọ́n mọ ògiri ẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi ẹfun kùn ún kí ojú má ba à rí i. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ na ènìyàn lẹ́gba ti wá dára tó fún ògiri ìjọba. Kò sẹ́ni tó na kọngílá. Baba Iná fúnra rẹ̀, pẹ̀lú egbò lẹ́yìn, wà lára àwọn tó mọ ògiri yàrá tí wọ́n máa tì í mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí Ìyá Alámọ̀ ń ru amọ̀ kọjá, ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìwo ojú rẹ̀. “Ẹ̀yìn ọgbà. Ìlà kẹta láti ìsàlẹ̀, lọ́gangan igi. Mi ò fi amọ̀ lẹ bíríkì ibẹ̀. Wá láàárọ̀.”

Ó lọ. Ó lóṣòó nídìí ògiri, ó fi oríkèé ìka kan bíríkì náà, bí gbogbo oníbíríkì ṣe ń dán iṣẹ́ wọn wò. Èyí tó jinná á dún kangó bí agogo. Èyí tí kò jinná á dún gbì bí ẹni lu ikùn. Láti inú, èsì wá: ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá, ìdákẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń dán bíríkì wò nìyẹn, kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ẹ kú ìrora o,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ẹ̀yìn yín ńkọ́?”

“Ó ṣì wà lẹ́yìn mi. Ìyá ilé, gbàdúrà.”

“Èmi kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń gbà á.”

“Bí wọ́dà bá gbọ́ ohùn mi, ó di yàrá òkùnkùn. Ìwọ gbà á. Àmín ò láriwo.”

Ó gbé ẹnu sún mọ́ bíríkì náà. Níkẹyìn ó ní, “Ọlọ́run, ẹ kú àárọ̀. Inú mi ò dùn sí yín. Ẹ jẹ́ kí ọkọ mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.”

“Àmín,” ni ògiri wí.

Bó ṣe ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn kí agogo ẹ̀wọ̀n tó lù. Láti ibẹ̀, á gbé abọ́ oúnjẹ lọ fún wọ́dà lẹ́nu ọ̀nà, á sì gba abọ́ òfìfo nírọ̀lẹ́. Àdúrà náà ń gùn sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ fún nǹkan kéékèèké, fún amọ̀ tó rọ̀, fún ojú tó là. Ó gbàdúrà fún alágbẹ̀dẹ tí wọ́n lé. Ó gbàdúrà fún wọ́dà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dé ọ̀dọ̀ Àlùfáà, àdúrà sì há sí i lẹ́nu. Láti inú, ìka kan bíríkì: ẹ̀ẹ̀mejì, ìdákẹ́, ẹ̀ẹ̀kan. “Ẹ dárí jì í,” ó sọ ọ́ tipátipá, “èmi ò tíì lè ṣe é.” Àmín ọjọ́ náà ní ẹ̀rín nínú.

Òjò dé ní oṣù kẹrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kíkàn náà yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, gbì. Àmín tó tẹ̀ lé e há, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Obìnrin mìíràn ìbá ti bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n Ìyá Alámọ̀ mọ bíríkì ju bó ṣe yẹ lọ. Bíríkì tí kò jinná a máa mu omi, bó bá sì mu omi, ohùn rẹ̀ á rì. Ó fọwọ́ pa á, ó tutù. “Òjò ni,” ló wí fún ara rẹ̀. “Ikọ́ ló sì há a lóhùn.” Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló fi gbàdúrà sétí bíríkì tó tutù náà, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló fi gbọ́ Àmín. Abọ́ rẹ̀ ń padà wá lófìfo, ó ti mọ́ ṣáká.

Lọ́jọ́ ìdásílẹ̀, ó gbé bùbá àti ṣòkòtò funfun tó ti fi ọṣẹ fọ̀ dání. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹsẹ̀ Ológbò ló jáde. Wọ́dà ti ilẹ̀kùn.

“Ọkọ mi ńkọ́?”

Olè náà wolẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.”

“Mi ò jókòó.”

“Ibà ni. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé. Kòtò amọ̀ àtijọ́ ni wọ́n sin ín sí.” Kòtò náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ jọ wa amọ̀ lọ́dún tó fẹ́ ẹ. “Yàrá kan náà la jọ wà, ó ní kí n máa bá òun kan bíríkì, kí n sì máa ṣe Àmín. Ó ní, ‘Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n rìn ni. Bí kò bá gbọ́ Àmín, á jókòó.’ Mo gbìyànjú kíkàn yẹn, ìyá. Ọwọ́ olè ò mọ̀ ọ́n.”

Ìyá Alámọ̀ yíjú sí wọ́dà tó wà lẹ́yìn irin. “Ta ló ń jẹ oúnjẹ mi?”

Wọ́dà nu ẹnu bí ẹni pé oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀. “Ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ má gbé e wá.”

Ìyá Alámọ̀ na aṣọ funfun náà sí Ẹsẹ̀ Ológbò, tí àkísà rẹ̀ kò bo itan mọ́. “Gbà á, wọ̀ ọ́. Mo ti fọ̀ ọ́.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà sẹ́yìn ọgbà. Ó kan bíríkì náà. Gbì. Lọ́tẹ̀ yìí kò sọ fún ara rẹ̀ pé òjò ni. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó sì gbàdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún àwọn tó wà nínú, fún olè, fún wọ́dà. Ó dé ọ̀dọ̀ Àlùfáà, àdúrà kò há mọ́. Nígbà tó tán, ó dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń dúró. Ògiri kò wí nǹkan kan. Ìyá Alámọ̀ ṣe Àmín fúnra rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi lọ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi gbé òun náà lọ sin. Ẹnikẹ́ni nínú ìjọba kò bẹ̀ ẹ́ rí pé kó máa bínú. Nígbà tí wọ́n wó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, òṣìṣẹ́ kan rí bíríkì kan ní ìlà kẹta tí kò ní amọ̀ létí, tí ìka ti jẹ ojú rẹ̀ jinlẹ̀ bí abọ́. Ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá fi oríkèé ìka kàn án, ó tẹ́tí.

“Èyí ò jinná rí,” ló wí, ó sì sọ ọ́ sínú kòtò.