Ẹ̀rín Tí Cressida Fi Tọrẹ

"Fi hàn án, jàre! Kí lo wá ń fi pamọ́?" Bryony fi ìgúnpá gún Cressida ní ẹ̀gbẹ́.

Ilé ìdáná Ashcombe, ilé ńlá àtijọ́ tí wọ́n bí Cressida sí, ni wọ́n wà. Àwọn òṣèré tẹlifíṣọ̀n kún ibẹ̀, wọ́n ń mu tíì. Eré apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n wá yà, nípa ìdílé ọlọ́lá kan tí nǹkan kì í lọ déédéé nínú ilé wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni ara Cressida ò ti balẹ̀. Nílé ìwé, "Ọmọọba" ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì máa fi ohùn imú sín in jẹ. Bryony, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá a rìn ni, ìyẹn náà, nítorí àwọn òṣèré.

Ọ̀gbẹ́ni Lyle tó kọ eré náà ló béèrè bóyá ohun apanilẹ́rìn-ín kankan ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé yìí. Cressida mú fóònù rẹ̀ jáde.

Bàbá àgbà rẹ̀, Sir Ambrose, tí iyè rẹ̀ ti ń ra, ló wà nínú fídíò náà. Ó wọ kóòtù àsè lé ṣòkòtò tó fi ń sùn, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà. Ó tẹríba níwájú igi ìkọ́ ẹ̀wù tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Margery, olólùfẹ́ mi, ọbẹ̀ ti ń tutù. Jẹ́ ká wọlé."

Ó fa igi náà mọ́ra, òun àti igi sì jọ ṣubú dojú délẹ̀. Margery ni ìyàwó rẹ̀ tó ti kú.

Ọ̀gbẹ́ni Lyle rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o mà gbayì o! Ṣé mo lè lò ó?"

Ọkàn Cressida ní rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀, Bryony sì ti fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn.

"Ẹ lò ó," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, kò rí oorun sùn dáadáa. Á rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, á sì pa dà.

"Kí ló ń lé ẹ kiri báyìí?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Kò sí nǹkan, Mọ́mì."

Níkẹyìn, ó pe Ọ̀gbẹ́ni Lyle, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ibẹ̀ kúrò nínú eré náà. "Ó ti pẹ́ jù, ọ̀rẹ́ mi," ni ọkùnrin náà fèsì. "Ṣebí n ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi eré náà hàn, ìyá rẹ̀ pe àwọn ará abúlé wá wò ó. Bryony náà wá. Sir Ambrose jókòó nítòsí iná, ajá rẹ̀ sùn lé e lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín ń sọ lákọlákọ. Àfi bí òṣèré kan ṣe yọ sójú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú kóòtù àsè, ṣòkòtò ìsùn àti bàtà rọ́bà. Ẹ̀rín gé mọ́ ìyá Cressida lọ́nà ọ̀fun. Ó yíjú, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ wo bàbá arúgbó yìí!" Sir Ambrose ló ń pariwo, ó ń gbá itan, ẹ̀rín rẹ̀ borí ti gbogbo ilé. Nígbà tí òṣèré náà ṣubú, ẹ̀rín ọ̀hún rọra kúrò lójú bàbá. Ó tẹ̀ sọ́dọ̀ Cressida.

"Ọmọ mi, ṣé ọkùnrin yẹn ò ní ẹbí ni? Kí ló dé tẹ́nìkan ò dì í mú?"

"Ó ní ẹbí, Bàbá àgbà."

Ó dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

"Háà! Ibi tó dùn jù lo pa yẹn!" ni Bryony ké.

"Bàbá àgbà mi nìyẹn. Ìgbà tó ṣubú, èmi ni mo dúró tì í, tí mo ń yà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

Wọ́n mú ẹ̀wù wọn, wọ́n lọ láìdágbére.

Bryony ò bá a jókòó nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé mọ́. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ ń tẹríba fún ìkọ́ ẹ̀wù bí Cressida bá ti ń kọjá. Ó pẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó bá a sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Eré náà ò sì ṣeé gbà pa dà. Ṣe ni wọ́n tún ń fi hàn lemọ́lemọ́, tí àwọn èèyàn ń yìn ín.

Ṣùgbọ́n tó bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ bàbá ló ń gbà lọ tààrà. Ibẹ̀ nìkan ni ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ohun tó kọ́ kò ju èyí lọ: kì í ṣe gbogbo ohun tó pani lẹ́rìn-ín nílé ẹni ló yẹ ká gbé síta, pàápàá tó bá jẹ́ ti ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ tó bá sì fẹ́ ká fi èèyàn wa ra òun, kì í ṣe ọ̀rẹ́.