Ọkọ̀ Iyọ̀ ní Ẹnu Ọ̀fun

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọwọ́ tẹ ọkọ̀ iyọ̀ náà, nígbà tí orin ìyìn ṣì wà lẹ́nu àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, aṣọ ìgbòkun àti èémí Ẹlẹ́dàá ni gbogbo ayé fi ń ṣòwò lórí omi. Ọ̀nà omi tóóró kan wà láàárín ilẹ̀ méjì, òun ló so òkun ńlá pọ̀ mọ́ òkun kékeré. Ọ̀fun ni àwọn atukọ̀ ń pè é, nítorí ohunkóhun tí àwọn ìlú etí òkun kékeré bá máa jẹ, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá: àlìkámà, igi, òwú, iyọ̀. Ẹni tó bá di Ọ̀fun mú ti fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú lọ́rùn láìyọ idà. Ní ọdún yẹn, ọba méjì ń jà. Ọ̀kan nínú wọn kó ọkọ̀ ogun rẹ̀ wá dí Ọ̀fun pa, ó sì kéde pé ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ kọjá, ìbáà jẹ́ ti ìlú tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọ̀gá ọkọ̀ iyọ̀ náà gbọ́ ìkéde yìí lẹ́nu àwọn ará ọkọ̀ kan tí wọ́n dá padà. Ọkùnrin gíga ni, onírùngbọ̀n funfun, tí ẹ̀wù aláró rẹ̀ ti ṣá léjìká nítorí oòrùn àti iyọ̀. Baba Ìsinmi ni wọ́n ń pè é ní gbogbo èbúté, nítorí láti ọjọ́ tó ti gba Olúwa gbọ́, kò ta ìgbòkun rí lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí oòrùn ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti wọ̀, yóò wá ibi tí omi gbé tòrò, yóò ju ìdákọ̀ró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òkun bá ń gbé e lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù di ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀yìn àpáta ńlá tó wà ní ẹnu Ọ̀fun gan-an ni oòrùn Àbámẹ́ta ọ̀hún wọ̀ bá a. Ó ní kí wọ́n ju ìdákọ̀ró. Igbákejì rẹ̀ nínú ọkọ̀ kò lè mú un mọ́ra.

"Ọ̀gá, ibí yìí kọ́ o. Ẹ jẹ́ ká yí padà, tàbí ká lọ bá wọn lójú ẹsẹ̀, ká béèrè. Ẹni tó bá lúgọ sẹ́yìn ògiri onílé, kò sẹ́ni tó ń pè é ní àlejò."

"Ta ló lúgọ? Ìsinmi ni mo fẹ́ pa mọ́. Tó bá di ọjọ́ Ajé, màá fi ẹnu ara mi tọrọ ọ̀nà. Tí wọ́n bá ní ká padà, a ó padà."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ o. Ìbọn ọba ò mọ ọjọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wọ ẹ̀wù tí wọ́n fọ̀, wọ́n tò sórí pákó ọkọ̀, Baba Ìsinmi sì dá orin. Bí wọ́n ṣe parí ẹsẹ kìíní, orin náà padà wá láti ẹ̀yìn àpáta. Wọ́n rò pé gbohùn-gbohùn ni. Baba Ìsinmi gun òpó ìgbòkun lọ sókè láti wò ó, ohun tó rí sì mú kó ṣí fìlà rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ogun ló ti kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pé jọ yí ìyá ọkọ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn, ká, àwọn ọmọ ogun sì tò nínú aṣọ funfun báláú, àlùfáà wọn dúró láàárín. Orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó wá dínà àti ẹni tí wọ́n dínà mọ́, wọ́n jọ ń gbé Ọba kan náà ga! Omijé bọ́ lójú bàbá náà. Ó gbé ohùn sókè, kí àwọn tọ̀hún lè gbọ́ pé ará wọn wà níhìn-ín.

Wọ́n gbọ́ lóòótọ́. Bí wọ́n ti ṣe àmín tán, ọkọ̀ ogun kan yí àpáta ká, ọ̀gágun tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán yanran sì gòkè wá.

"Ẹ kú ìsìn o, ọ̀gágun," ni Baba Ìsinmi kí i tẹ̀rín tẹ̀rín.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"À ń sinmi ni."

"Ẹ gbọ́ ìkéde ọba?"

"A gbọ́ ọ lánàá. Ọ̀la la fẹ́ wá bá yín."

Ọ̀gágun náà mi orí. "Bàbá, ọkọ̀ tó bá ń bọ̀, òfin ní ká kìlọ̀ fún un. Èyí tó bá ń padà, ká jẹ́ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó gbọ́, tó wá lúgọ sí ẹnu ọ̀nà, ohun tó ń dúró dè ni òkùnkùn. Mo gbà á fún ọba."

Igbákejì bojú wo ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ṣí pákó tó bo inú ọkọ̀, wọ́n rí àpò iyọ̀ tó kún dé òkè, wọ́n dá pákó padà, wọ́n sì fi ìda pupa lu èdìdì ọba sí i lórí. Ọ̀kan nínú àwọn pákó náà kò jókòó dáadáa. Àlàfo tí orí ènìyàn lè wọ̀ ṣẹ́ kù níbẹ̀.

Ìlú tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ ọkọ̀ tí ogun bá kó ni wọ́n wọ́ ọ lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Baba Ìsinmi bẹ ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọkọ̀. "Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n kàn ti pákó yẹn sún. Òjò ń wọlé sórí iyọ̀."

"Bàbá, ojú mi ò fọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fọwọ́ kan èdìdì ọba, orí mi ni wọ́n á fi dí ihò yẹn."

Ó lọ sí ọ́fíìsì èbúté, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí ìdí ènìyàn ti mú dán bíi dígí. Akọ̀wé ibẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ ní ọkọ̀ ogun ló fi èdìdì sí i. Ọ́fíìsì ọkọ̀ ogun ní níwọ̀n ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu àwọn kò gbà á mọ́. Gbogbo wọn ń fi omi wẹ ọwọ́ bíi gómìnà tó fi Olúwa lé wọn lọ́wọ́ láti kàn mọ́ agbélébùú, omi tí wọ́n sì ń wẹ̀ dànù, orí iyọ̀ rẹ̀ ló ń dà sí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbọ́n omi tó ti dágún sí inú ọkọ̀. Wọ́n ní rárá: iyọ̀ wà nínú omi náà, iyọ̀ sì jẹ́ ẹrù ẹjọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fa ọkọ̀ gòkè kí ìdin òkun má baà jẹ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ẹjọ́ kì í rìn.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ dé láti ilé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ náà, àwọn méjèèjì ló sì jọ ni ín; lẹ́yìn ọkọ̀ yìí, ilé méjèèjì kò ní nǹkan mìíràn láyé. Baba Ìsinmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta èbúté.

"Ọkọ àbúrò mi, ẹ dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í gbọ́n omi nínú ọkọ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo ti ọ̀dọ̀ àwọn adójútòfò bọ̀. Wọ́n ní ìjì làwọn bá wa dá májẹ̀mú lé lórí, àwọn ò bá wa dá ti ọba. Ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi fún yín láti ṣòwò, keje tó ní kẹ́ ẹ sinmi lẹ fi pa wá."

Agbẹjọ́rò wọn, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà, pè wọ́n sí yàrá rẹ̀. "Ọ̀nà kan ló wà," ó ní. "Òfin gbà kí ọkọ̀ tó bà jẹ́ dúró níbikíbi. Ẹ sáà ti sọ pé òpó ìgbòkun ló sán. Igbákejì yín ní òun á búra."

"Òpó ò sán."

"Èmi ni mo gé òpó yẹn nígbó!" ni àna rẹ̀ pariwo. "Tí mo bá ní ó sán, ó ti sán!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọkọ̀ lẹ kàn, ẹ ò kan ahọ́n mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ ilé-ẹjọ́, láìsí irọ́ kan tí wọ́n lè dì mú. Gbọ̀ngàn náà ga, ó tutù, aṣọ àwọn agbẹjọ́rò ń gbá ilẹ̀. Ọ̀gágun tó mú wọn jókòó ní apá kejì. Adájọ́ béèrè ìdí tí ọkọ̀ iyọ̀ fi dúró sí ẹnu Ọ̀fun.

"Ọjọ́ Ìsinmi ni, olúwa mi."

Gbogbo ilé pa ẹ̀rín. Agbẹjọ́rò ọba na ìka sí i: "Ẹ wo olè tó ń fi Bíbélì bojú!"

Ìbínú gbogbo ọ́fíìsì àti gbogbo òjò yẹn ru sókè lọ́kàn bàbá náà. "Olè? Olè wo ló ń fi orin kéde ara rẹ̀? Orin kan náà la jọ kọ! Gbogbo ọkọ̀ yín pé jọ yí ìyá ọkọ̀ ká bí òròmọdìyẹ, kò sí ẹyọ kan lẹ́nu Ọ̀fun! Tó bá ṣe pé mo fẹ́ yọ́ kọjá, ta ni ì bá mú mi?"

Agbẹjọ́rò rẹ̀ fò dìde, ikọ́ rẹ̀ dá wáí. "Olúwa mi! Ẹ jẹ́ kó tún un sọ!"

Ìgbà náà ni Baba Ìsinmi mọ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó wo ọ̀gágun, ọ̀gágun náà wò ó.

"Kò sí ọkọ̀ ogun kankan lẹ́nu Ọ̀fun?" ni adájọ́ bi í jẹ́jẹ́.

"Kò sí. Olúwa ni wọ́n ń sìn."

Adájọ́ yíjú sí ọ̀gágun. Ọkùnrin náà dìde, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ tọ́. "Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo pe wọ́n jọ fún àdúrà."

Adájọ́ ní ọ̀nà tí ọba bá kéde pé òun dí, ó gbọ́dọ̀ dí i ní tòótọ́. Ẹnu lásán kò dí omi. Bí olùṣọ́ bá ti kúrò, ọ̀nà ti ṣí, ọkọ̀ tó dúró sí ẹnu ọ̀nà tó ṣí kò rú òfin kankan. Ó dá ọkọ̀ iyọ̀ sílẹ̀.

Àna rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, agbẹjọ́rò ọba ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Títí tí ilé-ẹjọ́ gíga yóò fi jókòó, èdìdì kò gbọ́dọ̀ kúrò. Òjò sì ń rọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lórí àtẹ̀gùn kan náà ni Baba Ìsinmi ti pàdé ọ̀gágun. Wọ́n ti yọ ọ́ nípò nítorí ọ̀nà tó fi sílẹ̀, wọ́n sì ti já bọ́tìnnì dídán náà kúrò láyà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò purọ́."

"Ẹ̀yin náà ò purọ́."

"Ẹ wá wo ibi tó gbé wa dé."

Baba Ìsinmi ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ lórí òtítọ́, kò sí èyí tó sọ ohun tí à ń wí fún ẹni tí òtítọ́ wa bá gé lọ́wọ́.

Ilé-ẹjọ́ gíga fọwọ́ sí ìdájọ́ náà nígbà tí òjò ti dá tán. Wọ́n fọ́ ìda pupa, wọ́n ṣí pákó. Àpò òfìfo ló wà níbẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀, omi oníyọ̀ sì wà lábẹ́ wọn. Àna rẹ̀ fi ìka kan ti igi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ìka náà sì wọlé. Ìdin òkun ti jẹ ẹ́ di afárá oyin.

Gbẹ́nàgbẹ́nà náà nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ kú àjàre o, ọkọ àbúrò mi," ó ní, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ láìwẹ̀yìn.

Ogun parí. Àwọn ọba jókòó, wọ́n fi ìdájọ́ ọkọ̀ iyọ̀ ṣe òfin tuntun láàárín ara wọn: ẹni tó bá dí ọ̀nà omi kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún wákàtí kan pàápàá, ì báà ṣe nítorí àjọ̀dún, ì báà ṣe nítorí ìsìn. Òfin Baba Ìsinmi ni àwọn atukọ̀ ń pè é. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ogun tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ kò mọ ọjọ́ Olúwa mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ lọ ń gbé nínú yàrá kan ní etí Ọ̀fun, ó ń rán ìgbòkun tó ya fún àwọn tó ṣì ní ọkọ̀. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, yóò gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, yóò gun àpáta yẹn pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ọba mìíràn ti bá ọba mìíràn jà, ọkọ̀ ogun sì tún ti tò sí ẹnu Ọ̀fun, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, àwọn ọmọ ogun dojú kọ omi, ẹnu wọn pa dé.

Bàbá náà á dá orin. Á kọ ẹsẹ kìíní parí, á dákẹ́, á tẹ́tí. Àpáta nìkan ló ń dá a lóhùn.