Ohun Tí Festus So Mọ́ Ẹnu Wáyà

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni Festus Akínbọ́lá fi ń jẹun ní Ẹ̀gbẹ́dá ní ọdún 1997. Ìwé ìdánwò àwọn ilé ìwé ló máa ń tẹ̀, láti Ìgandò títí dé Ìkòtún. Wáyà kan ṣoṣo ló so àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀. Ó gba ẹ̀yìn ọ̀kan bọ́ sí ẹ̀yìn èkejì, ó sì parí sí ara ògiri, níbi tí ìdérí irin kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ibì kan bá tú lára wáyà náà, tàbí tí ìdérí yẹn bá ṣí, ẹ̀rọ kankan ò ní gbọ́ ti èkejì mọ́, gbogbo wọn á dákú pọ̀.

Báyọ̀dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ní Èkìtì, ló bá a so ó. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ gbé nígbà tí wọ́n dé Èkó, àwo kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Báyọ̀dé ti gba Jésù. Festus náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kódà àga iwájú ló máa ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ẹnì kan ṣí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ sí òdìkejì títì, àyà Festus já. Ó yọ́ lọ bá oníṣègùn kan ní Àgbàdo, ó sì gba oǹdè bọ̀, awọ tí wọ́n fi òwú dúdú àti pupa dì. Oníṣègùn náà ní kó so ó síbi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí, kí ọwọ́ ọ̀tá má kàn án. Festus so ó mọ́ ìdérí ẹnu wáyà lára ògiri, ó fi àpótí ìjókòó dí i lójú. Kò sọ fún Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wàhálà ti dé. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ láàárọ̀, á dákú lọ́sàn-án. Festus á ránṣẹ́ pe Báyọ̀dé. Ṣùgbọ́n kí Báyọ̀dé tó dé, ojú á ti tì í, á tú oǹdè náà. Ìdérí á bá a jáde, á rò pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ, á ki í bọ̀ ọ́ padà, á fi oǹdè sápò.

Báyọ̀dé á yẹ gbogbo oríkèé wáyà wò. "Festus, mi ò rí nǹkan kan o. Ara ẹ̀ ti yá."

Bó bá ti lọ tán, Festus á tún so ó padà, á fà á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni èrò kan wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Bí Báyọ̀dé bá dé, ara ẹ̀rọ á yá. Bó bá lọ, ẹ̀rọ á dákú. Ta ló wá ń bà á jẹ́? Báyọ̀dé kẹ̀! Ẹni tí wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan náà!

Lọ́jọ́ kan tí ìdánwò ilé ìwé kan ku ọ̀la, ẹ̀rọ tún dákú. Ìwé kò tíì jáde. Ọ̀gá ilé ìwé náà wá fúnra rẹ̀, orí àpótí yẹn gan-an ni màmá náà jókòó sí.

"Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ṣé kí n kúkú sọdá sí òdìkejì?"

Bí Báyọ̀dé ṣe yà wọlé nìyẹn, láìsí ẹni tó ránṣẹ́ pè é.

"Báyọ̀dé, èló ni wọ́n ń fún ẹ lódìkejì?" ni Festus bi í.

Báyọ̀dé rò pé eré ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ ni. Ọ̀dàlẹ̀. Jáde."

Ẹ̀rín kú lójú Báyọ̀dé. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n Mojísọ́lá, tó wà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ti kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ti àwọn ọmọ ilé ìwé."

Báyọ̀dé sọ báàgì kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ wáyà náà lọ, láti ẹ̀rọ kan dé èkejì, títí dé ara ògiri. Òógùn bo Festus.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde díẹ̀."

Màmá náà dìde. Báyọ̀dé fa oǹdè jáde, ìdérí irin náà ń mì dirodiro lára rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó ki ìdérí bọ ẹnu wáyà, ẹ̀rọ sì jí.

"Hẹn-ẹn," ni ọ̀gá ilé ìwé wí. "Onígbàgbọ́ àga iwájú."

"Festus, gbogbo ìgbà tí mò ń bọ̀, ṣe lò ń tú u?" ni Báyọ̀dé bi í.

"Ojú rẹ ló ń tì mí."

"Ojú mi tì ẹ́, ti Ọlọ́run ò tì ẹ́. Èmi lo wá pè ní ọ̀dàlẹ̀."

Festus dọ̀bálẹ̀. Ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé ló dalẹ̀ rẹ̀, òun náà sì ti dalẹ̀ ọ̀rẹ́ tó ní.

Báyọ̀dé fà á dìde. "Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá Jésù jẹun nínú àwo kan náà ló fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́, Jésù sì tún pè é ní ọ̀rẹ́. Òun ni kóo kọ́kọ́ bẹ̀, kóo tó bẹ̀ mí."

Níbẹ̀, láàárín kọ̀ǹpútà, ni Festus ti sunkún jẹ́wọ́ fún Olúwa. Wọ́n sun oǹdè náà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìdánwò jáde. Ó pẹ́ kí Báyọ̀dé tó lè bá a rẹ́rìn-ín bíi tàtijọ́, ṣùgbọ́n inú Festus ti mọ́.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta lò ń pè ní ọ̀tá, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí o fi pa mọ́ ló ń pa ọ́? Bóyá ò ń tú u nígbà tí o bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, o sì ń so ó padà nígbà tí o bá délé. Jésù ti rí i. Kò wá lé ọ jáde, ó wá tú ọ sílẹ̀ ni. Má dúró dọ̀la. Dìde lórí àpótí tí o jókòó lé, kí o jẹ́ kó na ọwọ́ rẹ̀ débẹ̀ lónìí.