Akẹ́kọ̀ọ́ Kẹwàá Naomi

Orí àkàbà ni Naomi wà nígbà tí Adéjùwọ́n kọ́kọ́ rí i, nínú òjò. Ó fi eyín di okùn mú, ó sì gbá ẹ̀ka igi tútù mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń na ẹ̀ka mìíràn sí i, wọ́n sì ń kọrin ní èdè kan tí Adéjùwọ́n kò gbọ́ rí.

Òwúrọ̀ Sọ́ńdè ni, nínú oṣù kẹwàá. Ọgbà kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Adéjùwọ́n àti sínágọ́gù kékeré kan jọ ń lò ní Harpurhey, nílùú Manchester, ògiri kan ló pín wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n fún Adéjùwọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kó máa júwe ibi tí àwọn èèyàn yóò gbé mọ́tò sí, ó sì ti ń ké láti àárọ̀: "Brother Ṣẹ̀san, ẹ rọra! Ẹ reverse díẹ̀ sí i!" Ibi tó ti ń ké lọ́wọ́ ni ohùn kan ti bọ́ sí i létí láti òkè.

"Brother aláṣọ yẹ́lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di àkàbà yìí mú!"

Ẹnu ya Adéjùwọ́n. Ó ti rí i pé obìnrin náà dúdú bíi tòun, ṣùgbọ́n ta ni yóò rò pé Yorùbá ló máa jáde lẹ́nu ẹni tó ń fi ewé bo àgọ́ àwọn Júù? Ó sáré di àkàbà mú.

"Ẹ gbọ́ Yorùbá?"

"Dádì mi ló kọ́ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n. Mọ́mì mi ni Júù, so Júù lèmi náà. Ẹ mú un dáadáa o! Tí mo bá ṣubú, kò sẹ́ni tó máa kọ́ àwọn ọmọ yìí."

Kò purọ́. Ìjọ wọn kò ju ogójì èèyàn lọ, àgbàlagbà ló sì pọ̀ níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ láíbìrì ni Naomi ń ṣe ní Fallowfield. Ṣùgbọ́n tó bá ti di Sọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kì í bá a nílé. Òun ni ọ̀gá iléèwé ẹ̀sìn àwọn ọmọ ìjọ náà, òun ni tíṣà, òun náà ló ń gbálẹ̀ tó sì ń po tíì. Ọmọ mẹ́sàn-án, yàrá kan, tábìlì mẹ́ta: àwọn tí kò tíì mọ lẹ́tà Hébérù kankan, àwọn tó ti ń kà á, àti àwọn tó ti ń jiyàn lórí Tórà, ìwé òfin Mósè. Ní alẹ́ Tọ́sìdeè, á fóònù ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan láti bi í pé kí ló le fún un. Ẹlòmíì á ti fi irú iléèwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Naomi ń ṣe é bí ẹni pé ọgọ́rùn-ún ọmọ ló wà níbẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀.

Adéjùwọ́n kò tíì mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà. Ohun tó mọ̀ ni pé òjò ń pa ọmọge arẹwà kan, àgọ́ tó sì ń kọ́ ń jò.

Ọmọ káfíntà ni Adéjùwọ́n, ní Ṣàgámù ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ kí ó tó wá di awakọ̀ fọ́klíìfù tó ń gbé ẹrù ní Trafford Park. Ó sì mọ Bíbélì. Ó mọ̀ pé Àjọ Ìpàgọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe, ọjọ́ méje ni wọ́n á sì fi máa jẹun nínú àgọ́ yẹn. Ọjọ́ méje, nínú òjò Manchester! Nígbà tí gbogbo èèyàn ti relé lọ́sàn-án, ó gbé pákó àti tapólì dé, ó sì fi òrùlé tó lágbára lé àgọ́ náà, ó kàn án níṣòó yí ká. Ìjì Ṣàgámù gan-an ò lè ṣí i. Ó wá kọ ìwé pélébé kan sí ẹnu ọ̀nà: "Òjò ò ní pa yín mọ́. Adéjùwọ́n." Ó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Fóònù rẹ̀ dún ní aago mẹ́rin ọjọ́ kejì.

"Brother Adéjùwọ́n? Naomi ni. Ẹ̀yin lẹ kan òrùlé mọ́ àgọ́ wa?"

"Èmi ni," ni Adéjùwọ́n wí, orí rẹ̀ ti ń wú. "Ẹ má dúpẹ́ rárá."

"Ẹ ti bà á jẹ́!"

"Mo ṣe kí ni?"

"Ewé nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ. A gbọ́dọ̀ lè rí ìràwọ̀ láti inú ẹ̀. Àjọ máa bẹ̀rẹ̀ tí oòrùn bá wọ̀, a ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà yẹn. Adéjùwọ́n, àwọn ọmọ mi ti kọ́ àdúrà tí wọ́n máa gbà nínú àgọ́ yẹn láti August!"

Ó ń sunkún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Adéjùwọ́n bẹ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó wa mọ́tò bí ẹni tí ilé ń jó. Ìṣó mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló fà yọ lọ́jọ́ náà, Naomi di àkàbà mú fún un. Èyí tó kẹ́yìn já bọ́ bí ojú ọ̀run ti ń pọ́n.

"Ẹ jókòó, ẹ bá wa jẹun," ni Naomi wí. "Ẹni tó ba àgọ́ jẹ́ tó sì tún un ṣe, ó yẹ kó jẹun nínú ẹ̀."

Òjò kán sínú ọbẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Jasmine, ọmọ ọdún mẹ́fà tó kéré jù nínú wọn, ló ṣàlàyé fún un pé tí èèyàn bá ti ní òrùlé tó le jù, èèyàn lè gbàgbé pé Ọlọ́run ló ń bo òun. Adéjùwọ́n wo ọmọ náà, ó wo tíṣà tó kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìwàásù ló ti gbọ́ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí wọ̀ ọ́ lára. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìfẹ́ Naomi kó sí i lọ́kàn, kò sì jáde mọ́.

Láti ìgbà náà, Adéjùwọ́n máa ń tètè dé ọgbà ní Sọ́ńdè. Á ní òun ń to kóònù tí wọ́n fi ń pín ààyè mọ́tò, ojú fèrèsé kíláàsì ló sì máa dúró sí. Ó rí bí Naomi ṣe ń kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ojú ọmọdé dọ́gba. Ó rí ọjọ́ tí ọmọ kan ju ìwé mọ́lẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́. Naomi kò bá a wí. Ó mú ìwé náà nílẹ̀, ó fi ẹnu kò ó bí wọ́n ti máa ń ṣe sí ìwé mímọ́, ó ní, "Ó ti padà. Ìwọ náà ńkọ́?" Ọmọ náà padà jókòó.

"Káfíntà," ni Naomi máa ń sọ tí kíláàsì bá parí, "kóònù mẹ́fà ló gbà ọ́ ní wákàtí méjì?"

"Mo fẹ́ kó gún ni, Tíṣà."

"Ojú ẹ ò sí lára kóònù."

"Ojú mi mọ ibi tó dáa láti wò, olólùfẹ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nígbà tó di oṣù kejìlá, Adéjùwọ́n pe ìyá rẹ̀ ní Ṣàgámù. Díákónẹ́ẹ̀sì ni màmá náà, inú rẹ̀ sì dùn débi tó fi kígbe.

"Ọmọ Ísírẹ́lì? Adé! O ti mú ìbùkún Ábúráhámù wọlé! Bá mi bi í, ṣé ó ti dé odò Jọ́dánì?"

"Mọ́mì, Manchester ni wọ́n bí i sí."

"Kò burú, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ìgbà wo ni pásítọ̀ yín máa ṣèrìbọmi fún un?"

"Kò ní ṣèrìbọmi, Mọ́mì. Ẹ̀sìn tiẹ̀ ló ń ṣe."

Ohùn ìyá rẹ̀ yí padà: "Àwọn ọmọ yín ńkọ́? Ta ni wọ́n máa bá lọ?"

Adéjùwọ́n ní òun máa pè é padà, ó sì pa fóònù náà.

Ìbéèrè yìí kan náà ló dúró dè é ní Heaton Park nínú oṣù kejì, nígbà tó di ọwọ́ Naomi mú tó ní kó fẹ́ òun. Omi yọ lójú Naomi.

"Mo fẹ́ ẹ, Adé. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ ẹ gan-an. Mi ò ní kó o di Júù, máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ. Ìjọ wa ò ní lé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bá bí, Júù ni. Kíláàsì mi ló máa wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí n wá fi tèmi sílẹ̀?"

"Naomi, ti bàbá lọmọ."

"Ní tiwa, ti ìyá ni."

"Kí wá ni tèmi níbẹ̀? Kí n kàn máa wò?"

Naomi fa ọwọ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Tí o ò bá lè gbà á, sọ fún mi nísinsìnyí. Má jẹ́ kí n bí ọmọ tán kó o tó sọ ọ́."

Adéjùwọ́n kò lè sọ pé òun gbà, kò sì lè sọ pé òun ò gbà. Bí wọ́n ṣe pínyà nìyẹn. Ó ní kí Brother Ṣẹ̀san bá òun gba iṣẹ́ mọ́tò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, oúnjẹ ò wọlé, oorun ò kùn ún.

Ọjà Harpurhey ni bàbá Naomi ti rí i, níbi tí Adéjùwọ́n ti ń ṣa ẹja tó fẹ́ rà. Ọ̀gbẹ́ni Paul ni gbogbo èèyàn ń pè é, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Adéjùwọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ láàárín ọjà.

"Ẹ káàsán, sà."

"Dìde, ọmọ mi. Mi ò wá bá ẹ jà." Bàbá náà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Naomi ti sọ fún mi. Ìbéèrè tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn, ó jẹ èmi náà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, gbogbo Sọ́ńdè ni mo fi ń gbé e lọ síléèwé yẹn, kí n tó yà sí ṣọ́ọ̀ṣì tèmi. Àwọn ará ilé ní wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Wọn ò gbà á. Ó ń jẹ́ orúkọ mi, ó ń sọ èdè mi, ẹ̀rín ìyá mi ló ń rín."

"Kò wá dùn yín rí, sà?"

Ọ̀gbẹ́ni Paul gbójú sórí ẹja tó wà nínú yìnyín.

"Ohun kan dùn mí. Tó bá mú ìwé Hébérù ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi pé, 'Dádì, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń kà á,' mo máa ń ní kó lọ bá màmá ẹ̀. Nígbà tó yá, kò mú un wá mọ́. Ilẹ̀kùn yẹn ò tì, Adéjùwọ́n. Èmi ni mi ò wọlé."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Adéjùwọ́n gbàgbé ẹja tó fẹ́ rà.

Ọjọ́ kẹta ló pe ìyá rẹ̀ lórí fídíò.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin wọn lórúkọ."

"Ọjọ́ kẹjọ kẹ̀? Bíi tiwa?"

"Bíi tiwa. Ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ nílà."

"Ọjọ́ kẹjọ la kọ ìwọ náà nílà." Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Orúkọ tí èmi bá fún ọmọ náà, ṣé wọ́n á pè é?"

"Wọ́n á pè é, Mọ́mì."

"Inú mi ò tíì dùn tán o, Adé. Màá máa gbàdúrà tèmi. Ṣùgbọ́n bí ojú ẹ ṣe rù lórí fóònù yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ bá a. Ní mo kí i."

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Adéjùwọ́n kan ilẹ̀kùn kíláàsì. Ó wọ súùtù tó máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò wo ibòmíràn, tábìlì àwọn tí kò mọ lẹ́tà kankan ló gbà lọ, ó jókòó sórí àga tí kò ga ju orúnkún rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Naomi dúró gbagidi tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

"Adé, kí lo ń wá?"

"Mo wá forúkọ sílẹ̀."

"O fẹ́ di Júù ni?"

"Rárá. Tó bá di aago mọ́kànlá, màá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ wa bá mú ìwé Hébérù rẹ̀ wá bá mi, pé kí n gbọ́ bí òun ṣe ń kà á, mi ò ní sọ fún un pé, 'Lọ bá màmá ẹ.' Màá gbọ́ ọ. Tó bá ṣì í kà, màá mọ̀." Ó fa ìwé kan lórí tábìlì mọ́ra. "Kọ́ mi, Naomi. Mi ò fẹ́ dúró síta."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Adéjùwọ́n ṣí ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ló ṣí, torí pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka Hébérù. Jasmine mirí, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i padà fún un, ó sì fi ìka rẹ̀ sórí lẹ́tà àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún.

Naomi lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì mú fọ́ọ̀mù tí òbí gbogbo ọmọ máa ń kún wá. Ó jókòó ti Adéjùwọ́n lórí àga kékeré kejì. Ó kọ orúkọ Adéjùwọ́n, ó kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti pọ̀ jù fún kíláàsì yìí, àwọn ọmọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè kan ló kù nísàlẹ̀. Naomi kà á sókè.

"Ta ni yóò máa mú akẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ sílé?"

"Ìwọ," ni Adéjùwọ́n dáhùn. "Tó o bá gbà."

Naomi nu ojú rẹ̀, ó mú bírò, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.