Nígbà Tí Ẹyin Dákẹ́

Dúdú ń kàwé ìdánwò lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ kò-kò-kò. Ó ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni kankan níta. Òjò ti ṣú, ọ̀sán dà bí alẹ́. Bó ṣe jókòó padà, ó tún gbọ́ ọ, igbe tín-ín-rín kan sì tẹ̀lé e, bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń sunkún lábẹ́ ìkòkò. Inú yàrá lohùn náà ti ń wá, láti inú ẹ̀rọ tó ń bá wọn sàba ẹyin.

Owó tí ìyá rẹ̀ yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló fi ra ẹ̀rọ náà àti ẹyin tó kún inú rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá Dúdú ti kú, àtijẹ àtimu ti di ogun. Aránṣọ, onídìrí àti ìyá oníbúrẹ́dì ló ṣe onídùúró fún ìyá rẹ̀. Kí ìyá tó lọ sípàdé ẹgbẹ́ lọ́sàn-án yẹn, ó ti kìlọ̀: “Dúdú, àwọn ọmọ adìẹ ti fẹ́ẹ́ jáde. Tí iná bá lọ, tan àtùpà sábẹ́ ẹ̀rọ kíá. Má fi ibẹ̀ sílẹ̀ o.”

Lójijì, iná lọ. Àwọn ọmọ adìẹ tí kò tíì rí ayé wá ń ké nínú òkùnkùn, bí ẹni ń pe èèyàn lórúkọ. Orí Dúdú wú. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín yọjú lójú fèrèsé.

“Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé wa. Wá wo fíìmù, jàre!”

“Màmá mi ní kí n má kúrò níbí.”

“Ṣé ìwọ ni adìẹ tó yé wọn ni? Kíá lo máa padà!”

Dúdú bú sẹ́rìn-ín. Kò tan àtùpà. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ lé e jáde, fíìmù ló wá dá a dúró.

Nígbà tó padà, òjò ti rọ̀ dá, ilé sì pa lọ́lọ́. Ó gbé etí lé ẹ̀rọ náà: kò sí kò-kò, kò sí igbe. Ó mú ẹyin kan. Ó tutù bí òkúta inú odò. Àgógó kékeré kan ti lu èèpo jáde, ó sì lanu sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kù sí lẹ́nu.

Ìyá rẹ̀ wọlé bá a níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn onídùúró rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n fẹ́ wá wo ọmọ adìẹ. Wọ́n fọwọ́ kan àwọn ẹyin náà, gbogbo rẹ̀ ti tutù. Wọ́n jókòó sínú òkùnkùn bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

“Iná ló fà á,” ni ìyá oníbúrẹ́dì sọ nígbẹ̀yìn. “Kí ni ọmọdé fẹ́ ṣe sí i?”

Ọ̀nà àbáyọ rèé. Dúdú ì bá dákẹ́. Ó kúnlẹ̀.

“Rárá, mà. Èmi ni. Mi ò tan àtùpà. Fíìmù ni mo lọ wò.”

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bojú. Kò nà án; ì bá sàn kó nà án.

“Ọmọ mi,” ni aránṣọ wí, “kì í ṣe ẹ̀rọ la dúró fún, ìyá rẹ ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ ìka kan tó bá yẹ̀, gbogbo ọwọ́ ló máa ro.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Fún oṣù bíi mélòó kan, àwọn obìnrin náà ń yọ nínú oúnjẹ ọmọ wọn láti fi san gbèsè náà. Dúdú ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn tó bá ti ilé-ìwé dé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Nígbà tí gbèsè tán, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí wọ́n má yá ìyá rẹ̀ lówó mọ́. Aránṣọ ló dìde: “Ilé tí wọ́n ti ń sọ òtítọ́ tó ń ta ni lára, ilé náà ṣe é yá lówó.” Wọ́n yá a.

Owó táṣẹ́rẹ́ lè gbé ilé dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfọkàntán ló ń gbé owó náà wá. Ẹni tó bá fi í ṣeré, orí ọ̀pọ̀ ẹni ni ilé náà yóò wó lé.