Ambrose, Ọ̀gá Tẹlifóònù

Ọ̀rẹ́ mi, àgbá òfìfo ní í pariwo. Bí o kò bá rí irú rẹ̀ rí, wá kí n fi Ambrose hàn ọ́.

Ní ọdún 1995, òun àti ọkùnrin mẹ́ta dá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù alágbèéká sílẹ̀ ní Apápá. Tẹlifóònù wo? Èyí tó jẹ́ pé bí o bá gbé e kọjá Ìkejà, ó kú fin-ín! Síbẹ̀, bí àlùfáà bá ń wàásù, Ambrose yóò gbé e sí etí, yóò máa pariwo, “Hẹ́lò! Hẹ́lò!” Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìranù.

Báwo ló ṣe ra ìpín rẹ̀? Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún òun àti Dinah, àbúrò rẹ̀, ní Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n tà. Ó ṣèlérí pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ ni ìpín náà, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ nìkan ló kọ sínú ìwé. Dinah ń ránṣọ nínú yàrá kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá.

Ní 1998, àwọn òyìnbó fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ambrose, olè bíi tirẹ̀, yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ilé-iṣẹ́ kí owó lè pọ̀ fún wọn. Mẹ́gáàdì tó ń kí i ní “sà” lánàá ló tì í jáde ní géètì.

Ó sáré tọ lọ́yà lọ. Lọ́yà ní, “Ẹ búra ní kóòtù pé ẹ̀yin nìkan lẹ ni ìpín yìí. Bí ẹ bá dárúkọ ẹlòmíràn, wọ́n á ní ìwé yín kì í ṣe òótọ́, ẹjọ́ bàjẹ́ nìyẹn.”

Nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀la, Ambrose lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. “Dinah, bí wọ́n bá bi ọ́, o ò mọ nǹkan kan o.”

“Bọ̀dá, ṣé ẹ ti jẹun?” Ó gbé ẹ̀bà fún un. Ẹni tó jẹ ogún rẹ̀ tán tún jókòó, ó ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀. Ojú kì í tilẹ̀ tì í!

“Ṣé inú ò bí ọ sí mi ni?”

“Ó bí mi gan-an, Bọ̀dá. Mo sunkún títí. Ṣùgbọ́n Jésù dárí jì mí, èmi náà ti dárí jì yín. Mi ò kàn ní bá yín purọ́. Bíbélì tí ẹ fẹ́ fọwọ́ lé lọ́la yìí, ṣé ẹ ti ṣí i kà rí?”

Ambrose gbé àwo ẹ̀bà sílẹ̀. Omijé dé. “Mo jà ọ́ lólè, Dinah. Ọmọ ìyá mi ni mo jà lólè!” Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ. “Jésù, olè ni mí. Gbà mí.”

Lọ́jọ́ kejì, lọ́yà rẹ̀ bi í ní kóòtù, “Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín?”

“Rárá, sà. Ti èmi àti àbúrò mi ni. Mo rẹ́ ẹ jẹ.”

Ẹjọ́ bàjẹ́. Àwọn òyìnbó gba ilé-iṣẹ́. Lónìí, Ambrose ń kiri aṣọ tí Dinah rán, ó ń tà á fún àwọn awakọ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut ní Apápá, ó sì ń sùn dáadáa.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí o ti ń fi Ambrose rẹ́rìn-ín? Ta ni o rẹ́ jẹ? Má wò mí, orúkọ onítọ̀hún ti wá sí ọ lọ́kàn. Jésù kú fún olè. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà dìde, lọ bá ẹni yẹn lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.