Àlàfo Kan ní Ilé Onírọ̀rí

"Kí ló ń pa ẹ̀rọ yìí lọ́sàn-án?"

Màmá Onírọ̀rí, tó ni ilé iṣẹ́ ìrọ̀rí náà, ló béèrè. Àǹtí tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà àgbéletan tó gbé lé orúnkún. Bọ̀dá Gíga ń fi èékánná họ ẹ̀yìn etí. Alálàá ní tirẹ̀ ń wo òwú.

Òwú kún ilé iṣẹ́ náà bí èéfín ṣe ń kún ilé ìdáná. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ńlá kan máa ń tú òwú tó ti dì ní gbọ̀ngàn, á sì máa fẹ́ fúlẹ́fúlẹ́ funfun sáfẹ́fẹ́. Wọ́n á fò jẹ́jẹ́ kọjá lójú fèrèsé, oòrùn á ràn sí wọn lára, á wá dà bíi pé ìkùukùu kan ló ń ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bọ́ sínú ilé. Wọ́n ń bà lé ìpéǹpéjú, wọ́n ń bà lé etí ife tíì. Àwọn obìnrin tó ń rán ìrọ̀rí níbẹ̀ máa ń darúgbó lọ́sàn-án. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbọn orí, wọ́n á tún padà di ọ̀dọ́.

"Mo ní kí ló ń pa á?" ni Màmá Onírọ̀rí tún wí. "Tó bá jẹ́ oorun ló ń kùn ún, ẹ sọ. Ìrọ̀rí kì í wọ́n mi níbí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Bọ̀dá Gíga. Ó wo ojú Àǹtí, ó gbé e mì.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń wí yìí ni ráútà, àpótí irin pẹlẹbẹ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé. Inú kọ́bọ́ọ̀dù irin ni wọ́n gbé e kọ́ sí, lára ògiri ọ́fíìsì, níbi tí wọn kì í ti ilẹ̀kùn nítorí ooru. Orí rẹ̀ ni àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ìtura ń gbà béèrè fún ìrọ̀rí àti tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, bí ọ̀sán bá ti mú, iná ara rẹ̀ á máa pa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ojú ẹni tó ti rẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbogbo á dákẹ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún jí fúnra rẹ̀, á máa ṣẹ́jú bí aláìṣẹ̀.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi," ni Màmá Onírọ̀rí wí, ó ń gbọn òwú kúrò lórí èjìká. "N kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n bó bá tún sùn lọ́la, màá pe ẹlòmíràn." Ó jáde lọ bá àwọn aránṣọ rẹ̀.

Àbúrò ìyá Alálàá ni Àǹtí. Òun ló ni iṣẹ́ síso ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ṣe, Bọ̀dá Gíga sì ni òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní. Alálàá wá lo ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn kó lè kọ́ iṣẹ́, nítorí ohun tó fẹ́ kà ní yunifásítì nìyẹn. Alálàá ni wọ́n ń pè é nílé: bí èèyàn bá pè é, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, ọkàn rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lọ́nà.

Àǹtí pa kọ̀ǹpútà náà dé. "Gíga, mo ti yẹ gbogbo ètò inú rẹ̀ wò. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Iná tó ń wọ inú rẹ̀ náà dára. Ọwọ́ ẹ ló kù."

"Ọ̀gá, mo dè é dáadáa."

"Ohun tí o sọ nílé àwọn agbẹjọ́rò náà nìyẹn, tí mo fi lọ bá wáyà tó ń mì dirodiro."

"Mo ti bẹ̀ yín lórí ìyẹn, ọ̀gá."

"O bẹ̀ mí, mo sì gbà. Kí ni mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ náà?"

Bọ̀dá Gíga wolẹ̀. "Ẹ ní ìyẹn ni ìkẹyìn."

"Ó dáa tí o rántí. Tó bá tún jẹ́ ọwọ́ ẹ ló fà á lónìí, a ó pínyà. Mi ò kórìíra ẹ o. Ṣùgbọ́n irin àti iná la fi ń ṣeré níbí."

Ọkàn Alálàá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Pínyà? Ta ni yóò máa pe wáyà ní "ìfun àgùntàn"? Bọ̀dá Gíga ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bó wáyà láìgé ọwọ́ ara ẹni. Òun ló ń fún un ní àga jókòó nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń dúró, á ní ẹni tó bá ga tó òun, ìjókòó kò dùn ún.

Ó gbójú sókè, ó sì rí nǹkan kan.

Fúlẹ́fúlẹ́ òwú tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé kò kàn ń rìn gbéregbère. Wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n á fò jẹ́jẹ́ títí dé ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á ṣe bí ẹni ń rò ó, lẹ́yìn náà wọ́n á yára wọ ẹ̀yìn ráútà lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ agogo.

Ó mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ráútà náà wá, àpótí rẹ̀ ti fara gbá nǹkan nínú ọkọ̀. Bọ̀dá Gíga tú ìdérí kan lẹ́yìn rẹ̀ kó lè wò bóyá nǹkan kan ti mì nínú. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìdérí náà, kò gùn ju ìka lọ. Àlàfo kan tí wọn kò tíì lò ni ó ń bò. Nígbà tó wò ó tán, ó nà án sí Alálàá. "Bá mi dè é padà, kí n lọ wo wáyà ilẹ̀."

Alálàá tan iná fóònù sínú àlàfo náà. Bó ṣe wo inú rẹ̀ báyìí, ó bá ara rẹ̀ lórí ìlú kan. Ọ̀nà wúrà tín-ín-rín tò gba àárín pápá tútù. Ilé gogoro wà níbẹ̀, ilé pẹlẹbẹ wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kankan lójú pópó, bíi pé gbogbo ará ìlú ṣì wà lórí ibùsùn, tí wọ́n ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Ó ń rò ó pé ta ni yóò kọ́kọ́ jí níbẹ̀, ó ń rò ó pé ojú fèrèsé wo ni onítọ̀hún yóò ṣí, nígbà tó gbọ́ "Ó yá, ẹ gbé e!" Àǹtí ti di ẹ̀gbẹ́ kan mú, Bọ̀dá Gíga di èkejì, wọ́n ti gbé ìlú náà lọ sókè. Kó tó la ẹnu, wọ́n ti dè é mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti kọjú sí ògiri. Ìdérí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ sí àpò.

Àṣà kan wà tí Àǹtí kì í yẹ̀ láé. Kó tó fún ẹ̀rọ ní iná, á dúró jìnnà díẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á máa pe nǹkan lórúkọ. Ẹni tó ṣe é gan-an ni yóò dáhùn.

"Wáyà ilẹ̀?"

"Ó wà," ni Bọ̀dá Gíga dáhùn. "Òun ni mo kọ́kọ́ so, kí iná má baà gbé wa."

"Àyè ìmí?"

"Kò sí ohun tó dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Pásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá?"

"Mo ti yí i padà," ni Alálàá wí, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣe é. "Ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ yàtọ̀, ti àlejò yàtọ̀."

"Àlàfo?"

Bọ̀dá Gíga wo Alálàá. Ó yẹ kí Alálàá sọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n wọn yóò tú gbogbo rẹ̀, wọn yóò tún gbé e sọ̀kalẹ̀, Àǹtí yóò sì sọ pé, "Níbo lọkàn ẹ tún lọ?" Ó sì rò ó pé àlàfo ni, kò kúkú sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kí ni ìdérí ń bò níbi tí kò sí nǹkan? Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ti dí," ni Bọ̀dá Gíga dáhùn fún un, Àǹtí sì tan iná.

Nísinsìnyí, Àǹtí tún ti dìde, ó ti tún ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Wáyà ilẹ̀?"

"Ó wà."

"Àyè ìmí?"

"Ó wà."

"Àlàfo?"

Ojú Bọ̀dá Gíga kọjá lára Alálàá. "Ó ti dí."

"Ìwọ lo dí i?"

"Èmi ni mo dáhùn lọ́jọ́ náà, ọ̀gá."

Alálàá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà yè, ó sì fẹ́ kí ojú má ti òun. Ọ̀rọ̀ kan wá sí i lẹ́nu tó dà bíi pé ó lè ṣe méjèèjì. "Àǹtí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bóyá ìdérí àlàfo náà ti já bọ́."

Àǹtí rọra yíjú sí Bọ̀dá Gíga. "Já bọ́. Síkúrù tí wọ́n bá dè le kì í já bọ́."

"Ó lè jẹ́ pé n kò dè é le," ni Bọ̀dá Gíga wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀. Ó tọwọ́ bàpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì. Kò wo Alálàá rárá. Òwú bà lé kọ́kọ́rọ́ náà.

"Kò já bọ́!"

Alálàá kò mọ̀ pé òun lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. Àwọn aránṣọ dá ọwọ́ dúró ní gbọ̀ngàn. "Kò já bọ́, Àǹtí. N kò dè é rárá. Bọ̀dá ní kí n dè é, mo ń wo inú rẹ̀ títí ẹ fi gbé e. Èmi ni mo mi orí fún Bọ̀dá pé ó ti dí. Irọ́ ni mo pa, mo sì tún pa òmíràn báyìí."

Àǹtí pa iná ráútà, ó yọ okùn iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó dúró títí fáànù inú rẹ̀ fi dákẹ́. Wáyà ilẹ̀ ló tú kẹ́yìn. Òun àti Bọ̀dá Gíga gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, wọ́n sì ṣí i.

Ìlú náà ti sọnù. Òwú ti bo ilé gogoro àti ilé pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, ó ti wé mọ́ ọwọ́ fáànù. Ní ibi tó gbóná jù, òwú náà kò funfun mọ́. Ó ti pọ́n bí ibi tí áyọ́ọ̀nù bá jó lára aṣọ.

Màmá Onírọ̀rí ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí i. Ó bojú wẹ̀yìn wo gbọ̀ngàn rẹ̀ tó kún fún òwú láti ilẹ̀ dé òkè, àti àwọn obìnrin tó jókòó sáàárín rẹ̀, ó sì gbá àyà mú. "Áà! A ò bá ti jóná!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹjọ́ mi ni," ni Alálàá wí. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Wá wò ó," ni Àǹtí wí. Kò pariwo. "O rò pé ìdérí yẹn kò ṣe nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ló ń darí. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ gba iwájú wọlé, kó kọjá lára ohun tó gbóná, kó tó gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ìwọ ṣí ọ̀nà ẹ̀bùrú fún un, kò dé ibi tó gbóná mọ́, òwú ló sì bá wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbàgbé rẹ ni mo ń bá wí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á gbàgbé nǹkan. Ká ní o sọ pé 'mo gbàgbé' lọ́jọ́ náà, a ò bá tú síkúrù díẹ̀, a ò bá dè é, a ò bá lọ jẹun. 'Ó ti dí' tí kò dí ló fẹ́ sun ilé yìí, òun ló sì fẹ́ lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò níṣẹ́. Bí ẹnu bá sọ pé iṣẹ́ ti parí, iṣẹ́ ò gbọ́."

"Mo gbọ́, Àǹtí."

"O ò ní dáhùn ìpè kankan mọ́ títí ìsinmi yìí á fi parí. Wàá máa wò. Nígbà tí ìsinmi mìíràn bá dé, a ó tún bẹ̀rẹ̀." Ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ òwú kúrò lórí rẹ̀, ó nà án sí Bọ̀dá Gíga. "Gíga, má bínú. Mo ṣẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, má tún dáhùn fún ohun tí ojú rẹ kò rí."

"Mi ò jẹ́ tún ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá." Bọ̀dá Gíga gba kọ́kọ́rọ́. Ó wo Alálàá pẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ ti àga kan sún mọ́ ọn. "Dìde nílẹ̀, jókòó. Ṣé ìlú tó o lọ wò yẹn tiẹ̀ dára?"

"Ó dára, Bọ̀dá."

"Wọn ò jẹ́ kí èmi bá ẹ lọ, mo ga jù."

Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá òwú kúrò díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀nà wúrà fi tún yọ. Àǹtí tẹ àlàfo náà wò pẹ̀lú ìka. "Ó ku ìdérí. A kò lè tan án láìsí i. Níbo lo sọ ọ́ nù sí?"

Alálàá gbé ọwọ́ lọ sí ọrùn. Okùn dúdú kan wà níbẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì rọ̀ mọ́ ọn láàárín àyà rẹ̀, tó ti fi ọ̀dà èékánná aláwọ̀ búlúù kùn. Ó bọ́ ọ lórí, ó sì gbé e sórí òwú funfun lójú gbogbo wọn.